Adágún Orí Òkè: Bí Ìdílé Wa Ṣe Lọ Kí Ìyákẹ́ ní Adó-Àwáyè

Ní ọjọ́ kan, ọmọkùnrin mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje ti ilé-ìwé dé, ó sì bi mí pé, "Mọ́mì, kí ni wọ́n ń pè ní adágún omi?" Kí n tó la ẹnu, ó ti na ìka sí ojú fèrèsé, ó ní, "Ṣé èyí tí ó wà ní iwájú ilé kejì yẹn ni?" Omi òjò tí ó dúró sínú kòtò ojú títì ni ó ń fi hàn mí, èyí tí gbogbo àwa tí a ń gbé òpópónà wa ní Ìpájà ti mọ̀ dunjú, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń rì sí, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di alẹ́, ẹ̀rín náà kò pa mí mọ́. Ọmọ tí a bí sí ìpínlẹ̀ tí òkun àti ọ̀sà yí ká, tí ó wá jẹ́ pé kòtò ojú títì nìkan ni ó rí pè ní adágún, ẹ̀bi ta ni?

Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a ń tọ́ ní Ìpájà, ní Ayọ̀bọ̀, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ìgàńdó ni kò mọ̀ ju ilé, ilé-ìwé, ilé ìjọsìn àti ojú tẹlifíṣọ̀n lọ. Bí wọ́n bá gba ìsinmi, a ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn nítorí ọkọ̀ àti nítorí àwọn ẹni ibi. A kò jẹ̀bi, nítorí pé ìlú kò rọrùn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ojú ọmọ òun là ní láti mú un jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọkọ mi, ó rò ó títí, ó ní, "Bí ó bá jẹ́ adágún ni wọ́n fẹ́ rí, jẹ́ kí a lọ wo èyí tí ó wà lórí òkè ní Adó-Àwáyè. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀, n kò sì dé ibẹ̀ rí." Ìyá ọkọ mi tí ó ń gbé pẹ̀lú wa gbọ́, wọ́n sì dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fọhùn. Wọ́n ní, "Ẹ lọ o, ẹ ó sì bọ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ẹsẹ̀ bọ omi náà. Omi tí kò ṣàn, tí kò gbẹ, tí ó sì gun orí òkè lọ jókòó, ó ní ohun tí ó ń ṣọ́."

Igo kan tí wọ́n fi rán mi

Ní alẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò mọ́ kí a lọ, aládùúgbò mi kan wọlé tọ̀ mí wá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èmi àti rẹ̀ dàbí ọmọ ìyá. Ọdún tí mo bí ọmọkùnrin mi yìí ni ó ṣe ìgbéyàwó. Láti ọdún náà, gbogbo ìkómọjáde àdúgbò ni ó ń bá wa se oúnjẹ rẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tí ó bá a se tirẹ̀. Ó yọ igo kékeré kan lábẹ́ ìborùn, ó ní, "Àǹtí mi, mo gbọ́ pé Adó-Àwáyè ni ẹ ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi Ìyákẹ́ bọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó bá mu ún yóò bímọ." Kò lè wo ojú mi bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Mo gba igo náà, mo fi sínú àpò. Kí ni mo lè ṣe? Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ni ó mọ bí omi ti dùn tó.

Láti Ìpájà dé ẹsẹ̀ òkè

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ni a gbéra. A gba Ìyànà Ìpájà sí Abúlé Ẹ̀gbá, a kọjá Sángo Ọ̀tà àti Ìfọ̀, oòrùn sì bá wa ní Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni ọkọ mi ti fi Òkè Olúmọ han àwọn ọmọ láti inú ọkọ̀, ó sì sọ fún wọn pé abẹ́ àpáta yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830 nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní ilé wọn. Láti Abẹ́òkúta, a wọ ilẹ̀ Ìbàràpá. Ní Ìgbó-Ọrà, ìlú tí òkìkí ìbejì rẹ̀ ti kàn ká gbogbo ayé, a dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì, bóyá àwọn yóò rí ìbejì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí méjì tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, wọ́n sì pariwo. Èmi ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi bà igo tí ó wà nínú àpò mi, ọkàn mi sì padà sí Ìpájà.

A kọjá Ẹrúwà, Lánlátẹ̀ àti Máyà, a sì dé Adó-Àwáyè. Ìlú náà wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìséyìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ìwọ̀ oòrùn Ìséyìn, ìrìn nǹkan bí 20 kìlómítà. Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn wá lè gba Mọ́níyà sí Ìséyìn, kí ó sì ti ibẹ̀ yà wá. Ojú ọ̀nà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ó dára kí ẹ bèèrè ipò tí ó wà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tí ó ń ná an kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì rí i pé ojúmọmọ ni ẹ fi lọ, ojúmọmọ ni ẹ sì fi bọ̀.

Bí a ti ń sún mọ́ ìlú ni a ti rí òkè náà. Àpáta ńlá kan ṣoṣo ni, ó pá, ó ń dán nínú oòrùn, àwọn ilé sì kó ara wọn jọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí òròmọdìẹ lábẹ́ ìyá. Bí a bá wọ̀n ọ́n láti ojú òkun, gíga rẹ̀ lé ní 400 mítà. A kọ́kọ́ kí àwọn àgbà tí a bá, a san owó ìwọlé, a sì gba afinimọ̀nà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú tí ó mọ òkè náà bí ẹni mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ má ṣe gun òkè yìí láìsí afinimọ̀nà o.

Àkàsọ̀ tí àwọn ọmọ kò lè kà tán

Wọ́n ti kọ́ àkàsọ̀ sí ara òkè láti ìsàlẹ̀. Ọmọkùnrin mi bẹ̀rẹ̀ sí kà á, àbúrò rẹ̀ obìnrin ń kà tẹ̀lé e, èyí tí ó kéré jù wà lẹ́yìn mi, mo fi ọ̀já gbà á mọ́ra gbágbá. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ọmọkùnrin ní 371, obìnrin ní 366, ìjà fẹ́ bẹ́. Afinimọ̀nà rẹ́rìn-ín, ó ní 369 ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a gùn ún, nítorí pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn. Ìgbà mẹ́rin ni a dúró mí, tí a mu omi, tí a sì wo ìsàlẹ̀, títí àwọn òrùlé fi dàbí páálí ìṣáná.

Lókè pátápátá, afẹ́fẹ́ tútù, ó sì mọ́. Afinimọ̀nà sọ fún wa pé ní àkókò ogun, orí òkè yìí ni àwọn baba ńlá wọn ń gbé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ọ̀tá tí ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, nígbà tí ayé sì rọ̀ ni wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú tí ó wà nísàlẹ̀ dó. Ọ̀rọ̀ yìí mú mi ronú gidigidi. Ọkùnrin a máa rántí ọfà àti ìbọn bí a bá ń sọ ìtàn ogun. Èmi rántí ìkòkò. Ta ni ì bá máa sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nígbà tí ọ̀tá ká ẹsẹ̀ òkè mọ́? Àwa obìnrin kọ́ ni? Bí Ọlọ́run bá wá gbé omi kalẹ̀ fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lórí òkè tí wọ́n sá sí, ẹ kò ní jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé wọ́n pè é ní ìyá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú kan àwọn ohun mìíràn tí a rí. Òkúta ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìṣágẹ̀, tí ó dá dúró ṣánṣán lórí ibi tóóró, bí ẹni pé atẹ́gùn díẹ̀ yóò bì í ṣubú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọrọ òjò nígbà ọ̀dá. Adágún kékeré mìíràn tún wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìyá Aláró. Orúkọ yìí rán mi létí àwọn ìyá aládìrẹ Abẹ́òkúta tí a ti kọjá lọ́dọ̀ wọn ní òwúrọ̀. Àwọn kòtò wẹ́wẹ́ kan wà lójú àpáta tí wọ́n dàbí ojú ẹsẹ̀ ènìyàn, tí wọ́n sì ń pè ní Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà. Àwọn ọmọ mi ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá èyí tí yóò bá ti àwọn mu.

Ìyákẹ́ àti ìtàn rẹ̀

Nígbà tí a dé etí adágún, ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé kò tóbi bí mo ti rò ó. Ohun kejì ni ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Koríko yí i ká, ojú ọ̀run sì hàn nínú rẹ̀. Kò sí odò tí ó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ará ìlú ní kì í gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé obìnrin kan ni Ìyákẹ́, ọlọ́mú ńlá, tí ó jókòó sórí ìtẹ́ lábẹ́ omi, tí ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Wọ́n ní ayé mìíràn wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti ẹsẹ̀ bọ omi náà, yóò fà á mọ́ra, kò sì ní padà wá. Wọ́n tún ń sọ pé àwọn òyìnbó kan wọ inú rẹ̀ láti mọ bí ó ti jìn tó, tí a kò sì gbúròó wọn mọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ kan adágún náà ni ọ̀nà tóóró kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run: ẹni tí ó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé níbẹ̀, ọ̀gbun ni.

Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin mi ti fi mí láyà já. Bí ó ti ń lé labalábá ni ó bọ́ lọ́wọ́ baba rẹ̀, ó sì kọrí sí ibi tóóró náà. Ariwo tí mo pa, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Ìséyìn. Afinimọ̀nà gbá apá rẹ̀ mú. Kò nà án, kò sì bú u; ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún ìtàn Ìyákẹ́ sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, láti orí ìtẹ́ dé ọwọ́ tí ó nà sílẹ̀. Láti ìgbà náà títí a fi sọ̀ kalẹ̀, ọmọ náà kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ mọ́. Mo wá lóye ohun kan níbẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ̀dá ìtàn yìí kì í ṣe òpè. Wọ́n bímọ, wọ́n sì ń gbé etí omi jíjìn. Àkọlé tí a fi pákó kọ, ọmọdé lè má kà á. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó bá dẹ́rù bà á yóò gbé e láti kékeré títí dé ogbó.

Nígbà tí a jókòó jẹun, ọkọ mi fi bí adágún náà ṣe lè dúró sórí òkè yé àwọn ọmọ. Ilẹ̀ gbígbóná tí ó yọ́ nísàlẹ̀ ayé ní ìgbà láéláé ni ó tutù, tí ó di àpáta líle yìí. Òjò àti oòrùn àìmọye ọdún jẹ ojú àpáta náà títí ó fi jìn kòtò. Nítorí pé àpáta kì í fa omi mu bí iyanrìn, òjò tí ó bá rọ̀ sínú kòtò bẹ́ẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó fi kún un pé adágún ni omi tí ilẹ̀ yí ká. Odò ni èyí tí ń ṣàn. Ọ̀sà ni èyí tí ó wà lẹ́yìn òkun, bí ti Èkó. Òkun sì ni baba gbogbo wọn. Ó tún sọ fún wọn pé irú adágún bẹ́ẹ̀ kan wà ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, tí ó lé mọ́ ara òkè. Ìjọba wọn kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀dá pàtàkì orílẹ̀-èdè náà ní 2011, àti láti 2019, ẹni tí kò bá kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ kò lè débẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wẹ̀ nínú rẹ̀ tàbí kí ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí òróró ara ènìyàn má ba à bà á jẹ́. Ọmọbìnrin mi ní, "Nígbà náà, àwọn náà ní Ìyákẹ́ tiwọn." Baba rẹ̀ ní òfin ni tiwọn. Ó ní kò sí ìyàtọ̀.

Ohun tí mo ṣe sí igo náà

Mo fa afinimọ̀nà sẹ́yìn díẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ igo fún un. Kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní, "Ìyá, àwọn tí ń wá ọmọ ń bu ú. Àwọn kan padà wá dúpẹ́. Àwọn kan padà wá sunkún. Èmi kò lè parọ́ fún yín." Ó bá mi bu omi náà ní ibi tí kò léwu, mo dé e.

Ṣùgbọ́n bí a ti ń padà lọ sílé la ilẹ̀ Ìbàràpá kọjá, mo rántí ohun tí omi tí ó dúró ti ṣe ní ilẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ yóò rántí sobìyà, aràn gígùn tí ń ti ẹsẹ̀ ènìyàn jáde, tí ń sọ àgbẹ̀ di arọ ní àkókò ìkórè. Omi adágún àti omi kùdú tí àwọn ènìyàn ń mu láìsẹ́ ni ó ń gbé e wọ inú wọn, àwọn ará Ìbàràpá sì jìyà rẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí a fi aṣọ sẹ́ omi, tí a gbẹ́ kànga, tí a sì kọ́ àwọn ènìyàn pé kí ẹni tí sobìyà ń yọ lára rẹ̀ má ṣe wọ odò, ó tán. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi tí ó dúró náà ni ìgbín tí ń fa àtọ̀sí ajá ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ń wẹ̀ ní àgbègbè adágún ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983 nítòsí Abẹ́òkúta, ni ó ti fi bẹ́ẹ̀ tọ ẹ̀jẹ̀. Kódà odò Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé ń lọ bu omi rẹ̀ ní Òṣogbo, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn ènìyàn má ṣe mu ún nítorí ìdọ̀tí tí ó ti wọ inú rẹ̀. Èyí kì í ṣe àbùkù fún Ọ̀ṣun tàbí fún Ìyákẹ́. A lè bu ọlá fún omi láìmu ún.

Nígbà tí mo dé ilé, mo pe aládùúgbò mi sínú yàrá. Mo gbé igo náà fún un, mo ní, "Iṣẹ́ tí o rán mi nìyí, mo jẹ́ ẹ. Gbé e sí orí tábìlì rẹ, kí o máa wò ó, kí o sì máa gbàdúrà. Má ṣe mu ún. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè: láti ọdún méje, ẹ̀ẹ̀mélòó ni o ti lọ sí ilé ìwòsàn?" Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. "Ọkọ rẹ ńkọ́?" Ó wo ilẹ̀. Kò lọ rí. Ó ní kò sí ẹni tí ó yàgàn rí nínú ìdílé àwọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìyàwó, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé nínú ẹni mẹ́fà tí ó ti dàgbà, nǹkan bí ẹnì kan ni yóò bá ìṣòro àìtètèrọ́mọbí pàdé nígbà kan ní ayé rẹ̀. Ẹ wo iye ènìyàn tí ó jẹ́! Àwọn oníṣègùn sì mọ̀ dájú pé nínú bí ìdajì irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin wà níbẹ̀, yálà òun nìkan tàbí òun àti ìyàwó rẹ̀. Síbẹ̀ obìnrin ni a ń ti láti orí òkè dé etí odò, obìnrin ni a ń fún ní àgbo, obìnrin ni a ń lé jáde. Bí tọkọtaya bá ti ń gbé pọ̀ fún oṣù 12 láìsí ìfètòsọ́mọbíbí, tí oyún kò sì dé, kí àwọn méjèèjì jọ lọ fún àyẹ̀wò. Bí ìyàwó bá ti lé ní ọmọ ọdún 35, oṣù mẹ́fà ti tó láti dúró. Àyẹ̀wò ọkùnrin ni ó rọrùn jù, òun ni ó sì dínwó jù. Kí a tó la obìnrin nínú, kí a kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò ní ìrora.

Èmi kò lè bá ọkọ rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò yẹ. Ọkọ mi ni mo bẹ̀. Ó pè é wá jẹ àmàlà ní ọjọ́ Sunday kan, wọ́n sì jókòó pẹ́ títí ní ìta. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní oṣù kejì, àwọn méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀dọ̀ ọkọ ni ìdíwọ́ náà wà, pé ó sì ṣe é tọ́jú. N kò ní parọ́ fún yín pé aládùúgbò mi ti lóyún. Ìtọ́jú ń lọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òun ni ó ní kí n kọ ọ́ síwèé láìdárúkọ òun. Ó ní láti ọdún méje, ọjọ́ tí ọkọ òun dì òun lọ́wọ́ mú jáde láti ilé ìwòsàn náà ni òun kọ́kọ́ sùn dáadáa.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ lọ

Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ni ó dára jù, nítorí pé ojú àpáta a máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ẹ dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú, kì í ṣe sálúbàtà. Ẹ fi gèlè tàbí fìlà bo orí. Ẹni tí ó bá lóyún, tàbí tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée, kí ó gba ìmọ̀ràn dókítà kí ó tó gun òkè. Ọmọ ọwọ́, ẹ pọ̀n ọ́n. Ọmọ tí ó ń rìn, kí àgbà kan di ọwọ́ ọmọ kan mú. Bí ọmọ bá pọ̀ ju àgbà lọ, ẹ pe ẹlòmíràn mọ́ra.

Ní ti oúnjẹ, èmi se mọ́ínmọ́ín eléwé ní òru, mo fi ẹ̀kọ, ẹyin sísè àti ọsàn kún un. Ẹ má ṣe gbé ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ tàbí ẹran tútù, nítorí pé oòrùn yóò bà á jẹ́. Ẹ gbé omi mímọ́ tí ó tó, ó kéré tán ìgò ńlá kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú àpò kan lọ́wọ́ tí ẹ ó kó ewé àti ọ̀rá padà sí. Ó bà mí lọ́kàn jẹ́ láti rí ọ̀rá omi lórí òkè tí àwọn baba ńlá fi ṣe ilé. Bí ẹ bá bá àwọn tí ó ń gbàdúrà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ìbílẹ̀ tàbí ti ìgbàgbọ́ mìíràn, ẹ fi ìdákẹ́jẹ́ kọjá, ẹ má sì ya àwòrán ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ. Bí àyè bá sì wà, ẹ yà sí Ìséyìn kí ẹ wo bí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì. Ẹni tí ó bá ti fi sányán tàbí ẹtù ṣe ìgbéyàwó, tí kò sì rí ọwọ́ tí ó hun ún rí, kò tíì mọ iye tí aṣọ náà tó.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a padà dé, òjò àìròtẹ́lẹ̀ kan rọ̀ ní Ìpájà, kòtò iwájú ilé kejì sì tún kún. Ọmọkùnrin mi dúró ní ojú fèrèsé, ó wò ó dáadáa, ó ní, "Mọ́mì, èyí kì í ṣe adágún o. Kòtò ni. Ó yẹ kí wọ́n dí i." Ẹ̀yin abiyamọ, ojú ọmọ ti là. Kí Ọlọ́run bá wa wo gbogbo wọn, kí ó sì fún àwọn tí ń retí ní tiwọn. Ó dàbọ̀ o.